Pọ́ǹpù Tó Ju Páìpù Lọ

Ẹni tí kò bá mọ Sàlàkọ́ ní Ọ̀jọ́ láyé ìgbà òyìnbó, a jẹ́ pé kò ní àmù nílé. Bí ènìyàn bá ti ní àmù, bó bá ti ní garawa, bó bá ti ní agolo kan tí òjò lè rọ̀ sí, Sàlàkọ́ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Òun ni ọ̀gá wolé-wolé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọjú sínú omi oníomi, kó máa wá tanwíjí, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jó nínú omi kí wọ́n tó di ẹ̀fọn. Bó bá rí ọ̀kan, kóòtù ni. Bí kò bá rí, á tún un wò, torí ó lè jẹ́ pé tanwíjí ọ̀hún gbúròó bàtà òun lókèèrè, ó sì sá lọ sí ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò burú. Ẹ̀fọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lọ̀tọ̀, ẹni tó ń ṣe é lọ̀tọ̀. Sàlàkọ́ kò ga, àmọ́ ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ, á ti gba àga sílẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó dé. Kákí tó ń wọ̀, Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀ máa ń po sítáàṣì sí i tó bẹ́ẹ̀ tí kákí náà fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní ìgbà mìíràn wà tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ lóòótọ́.

Ó ní oyè márùn-ún. Ẹ má béèrè ẹni tó fi í jẹ ẹ́. Òun náà ni afọbajẹ, òun náà ni ìlú. Ọ̀gá Wolé-wolé Àgbà, Ọ̀tá Tanwíjí, Ààbò Àmù Gbogbo, Ojú Ìjọba ní Ọ̀jọ́, Baba Omi Mímọ́. Ó ti pa á láṣẹ ní ọ́fíìsì rẹ̀ létí ọ̀sà pé ẹni tó bá fẹ́ jíṣẹ́ fún òun, tàbí tó bá fẹ́ jíṣẹ́ òun fún ẹlòmíràn, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka márààrún pé kó tó débi ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọlálékan tó jẹ́ mẹ́sẹ́ńjà wọn sáré wọlé, ó kígbe pé, "Ọ̀gá, iná!" Sàlàkọ́ ní kó kúnlẹ̀. Ó ní ṣé iná ló ń jẹ́ orúkọ òun? Ọlálékan kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oyè, ó fo ìkẹta, wọ́n ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa kà á tán, ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ti di eérú. Sàlàkọ́ jáde, ó wo eérú, ó mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ló jó ilé yìí."

Yésúfù akọ̀wé rẹ̀ sì dáhùn pé, "Hẹ́n-ẹ̀n! Òun náà ni!"

Iṣẹ́ Yésúfù nìyẹn. Ìjọba rò pé ìwé ni wọ́n gbà á láti máa kọ.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ipò ńlá kan ṣí sílẹ̀. Òyìnbó tó jẹ́ alábòójútó ìmọ́tótó fún Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkokomaikò pátá ń padà sílùú rẹ̀, wọ́n sì ní ọmọ ilẹ̀ wa ni yóò gba ipò náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà nídìí rẹ̀ ní Àgbádárìgì, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì wà nídìí rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wá yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ẹni méjì péré ló sì ń wò lójú: Sàlàkọ́ ti Ọ̀jọ́, àti Owólabí, wolé-wolé Ìba, ọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kí ni Sàlàkọ́ ṣe? Ẹlòmíràn á dúró kí wọ́n pè é. Sàlàkọ́ lọ bá onílé rẹ̀, ó ní kó gba yàrá rẹ̀ méjèèjì padà, pé òun ń lọ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Onílé náà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó ti wá ẹlòmíràn sí i kí oṣù tó parí. Ní ìrọ̀lẹ́, Sàlàkọ́ á to àga mẹ́rin sí pálọ̀, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, á ní kí Àdùkẹ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú mọ́tò.

"Ẹ̀yìn, Àdùkẹ́. Ẹ̀yìn ni ìyàwó ọlọ́lá ń jókòó sí."

"Bàbá Bọ́sẹ̀, epo mi wà lórí iná."

"Má bojú wẹ̀yìn. A ti ń kọjá Òkokomaikò. Juwọ́ sí wọn."

Àdùkẹ́ á juwọ́ sí ògiri, á sáré lọ wo epo rẹ̀. Epo pupa ló ń tà lójà. Òun ló sì mọ̀ pé bí ipò yìí bá bọ́, àwọn kò ní ilé mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹja ti wọlé nìyí. Yésúfù gbọ́ lẹ́nu kúùkù Àjẹ́lẹ̀ pé Àjẹ́lẹ̀ fẹ́ràn ẹja bí ọmọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè o. Ó ní ẹja méjì nínú gíláàsì lórí tábìlì rẹ̀, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ju bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Sàlàkọ́ gbọ́ èyí, ó dìde, ó de akoto funfun rẹ̀ mọ́rí, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ́ Yésúfù àti Ọlálékan, àti ewúrẹ́ kan tó ń sá fún oòrùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ni Sàlàkọ́ wí. "Òyìnbó ní ẹja méjì nínú ife. Èmi yóò ní ẹja nínú àpótí gíláàsì tó tó ibùsùn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé! Ẹja ló ń jẹ tanwíjí. Èmi náà ló ń bá tanwíjí jà. Bí Àjẹ́lẹ̀ bá rí ẹja mi, èmi ló rí. Bó bá rí èmi, ta ni yóò tún máa wá kiri Ìba?"

"Hẹ́n-ẹ̀n!" ni Yésúfù wí. "Ìba wo?"

Ọlálékan gbé ọwọ́ sókè. Ó ka oyè márààrún, ó mí, ó wá ní, "Ọ̀gá, omi tó bá dúró lójú kan, ṣebí ẹ̀ṣẹ̀ ni? Nítorí omi tó dúró lẹ fi mú ìyá mi lọ kóòtù."

Ewúrẹ́ pàápàá gbójú sókè. Sàlàkọ́ fọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò ní.

"Omi tèmi kò ní dúró," ó wí. "Yóò máa rìn. Yóò máa wọlé, yóò máa jáde, bí ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pe Gbàdàmọ́sí, ọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Káfíńtà ti kan àpótí náà nígbà yẹn, wọ́n ti fi póòtì lẹ gíláàsì mọ́ ọn, ó jókòó sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ọ́fíìsì bí òkú ọba. Gbàdàmọ́sí fi ìka kàn án.

"A ò lè lu ihò sí gíláàsì yìí o, fífọ́ ni yóò fọ́. Páìpù la óò tẹ̀ kọjá etí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan á wà nínú àpótí, ẹsẹ̀ kejì á wà nínú garawa kékeré tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. A óò fi ẹnu fa omi sínú páìpù lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń fa kẹrosíìnì nínú àgbá. Látìgbà náà lọ, bí omi àpótí bá ti fẹ́ ga ju etí garawa lọ, á gba inú páìpù kọjá fúnra rẹ̀, garawa á kún, á sì dà sínú àgbá tó wà nílẹ̀. Pọ́ǹpù á tún gbé e látinú àgbá padà sókè. Iye tó ń wọlé ni iye tó ń jáde. Ẹja á máa ṣeré wọn."

"Báwo ni páìpù náà yóò ṣe tóbi tó?"

"Bí ọrùn ọwọ́ mi yìí, ọ̀gá."

"Ọrùn ọwọ́ kẹ̀?" Sàlàkọ́ fò sẹ́yìn. "Ṣé kí Àjẹ́lẹ̀ wá máa wo ìfun iṣẹ́ mi ni? Èyí tó tínrín bí àtàǹpàkò obìnrin ni mo fẹ́. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà funfun."

"Hẹ́n-ẹ̀n! Ẹwà nìyẹn!" ni Yésúfù wí.

Gbàdàmọ́sí wo àtàǹpàkò tirẹ̀, ó wo ti Yésúfù, ó lọ wá páìpù tínrín. Wọ́n ti sọ fún un bí ilé ìdáná ṣe jó.

Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láti ra pọ́ǹpù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n dé, ọkùnrin tó ń tajà gbé pọ́ǹpù kékeré kan síwájú wọn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Sàlàkọ́ wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní omitooro tí kò ní ẹran.

"Fún ta ni?" ó bèèrè.

"Ẹ ní fún àpótí ẹja, sà."

"Àpótí ẹja ta ni?"

Ọkùnrin náà kò mọ̀. Yésúfù sọ fún un, oyè kan tẹ̀lé òmíràn. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ẹ kú oríire o. Àmọ́ garawa omi mélòó ni páìpù yín lè gbé jáde ní ìṣẹ́jú kan? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn kí n tó..."

"Ṣé wọ́n ń bi ọba léèrè iye itọ́ tó ń tu?" ni Sàlàkọ́ wí. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí igun. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀, pupa fòò, ẹnu rẹ̀ gbòòrò bí ẹnu odó. "Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Èyí tí àwọn kọngílá fi ń gbọ́n omi kúrò nínú kòtò ìpìlẹ̀ ilé nìyẹn, sà. Ó lè gbọ́n adágún gbẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan."

"Mo fẹ́ ẹ."

Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo pọ́ǹpù ńlá tó ti jókòó tì í láti ọdún tó kọjá, tí alángbá ti bímọ sínú rẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti tajà rí, ẹ má bá a wí. Ẹni tó fẹ́ ra erin nítorí pé ó fẹ́ fi pa eku, ta ni yóò bá a dúnàádúrà lórí eku?

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, gbogbo Ọ̀jọ́ jáde wá wò ó. Àdùkẹ́ náà wá. Ó wo ẹnu pọ́ǹpù, ó wo páìpù funfun tó tínrín, ó fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Bọ́sẹ̀, bí mo bá ń da epo gba inú àrọ sínú ìgò, tí mo bá yára dà á ju bí ẹnu ìgò ṣe ń gbà lọ, ilẹ̀ ló ń mu epo mi o."

"Ọ̀rọ̀ ìjọba ni eléyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo."

"Ṣé omi ìjọba kì í dànù ni?"

"Àdùkẹ́, lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò."

Wọ́n dán an wò. Gbàdàmọ́sí fi ẹnu fa omi sínú páìpù, ó tu èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu dànù, ó lọ tan ẹ́ńjìnnì, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ó fi ń kùn bí oyin tó sùn. Omi ń wọlé díẹ̀díẹ̀, omi ń jáde díẹ̀díẹ̀. Epìyà àti àrọ̀ tí àwọn apẹja kó wá ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀. Ká sọ òótọ́, ó dára lójú. Bí Sàlàkọ́ bá ti fi í sílẹ̀ báyìí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yóò máa gbé dòní.

Ṣùgbọ́n Sàlàkọ́ ń tẹ́tí.

"Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ariwo rẹ̀?"

"Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni," ni Gbàdàmọ́sí wí lẹ́yìn tó ka oyè tán. "Páìpù yẹn ò lè gbé ju báyìí lọ. Bí mo bá fún un ní gbogbo agbára rẹ̀, àgbá á gbẹ, àpótí á kún àkúnya."

"Àgbá á gbẹ?" Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó na ọwọ́ sí ọ̀sà tó tẹ́ lọ salalu títí dé ibi tí ojú kò tó. "Ẹ gbé àgbá kúrò! Ẹ ki ẹnu rọ́bà pọ́ǹpù bọ ọ̀sà! Ọ̀sà ni àgbá tèmi!"

Yésúfù kò tilẹ̀ rí hẹ́n-ẹ̀n sọ. Ó kàn sunkún díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé pọ́ǹpù lọ sí etí omi, kí èéfín rẹ̀ má baà dé imú Àjẹ́lẹ̀. Rọ́bà gígùn kan ń fa omi láti ọ̀sà, òmíràn ń gbé e wá sínú gbọ̀ngàn, ẹnu rẹ̀ rì dé ìsàlẹ̀ àpótí. Èyí tí páìpù tínrín bá gbé jáde yóò lọ sí gọ́tà. Yésúfù á dúró ti ọ̀gá, Ọlálékan á dúró níta lójú fèrèsé, Gbàdàmọ́sí á dúró nídìí ẹ́ńjìnnì. Àṣẹ ọ̀gá á ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní pípé. Sàlàkọ́ fi kún un pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jáde.

Ọjọ́ pé. Àjẹ́lẹ̀ dé, òyìnbó gíga kan tí oòrùn ti sọ imú rẹ̀ di ata. Àwọn àgbà Ọ̀jọ́ jókòó, àwọn obìnrin ọjà dúró lẹ́yìn, Owólabí ti Ìba jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ orúnkún. Àjẹ́lẹ̀ rí àpótí ẹja, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ síwájú gíláàsì, ó ń fi ìka pe epìyà kan, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i. Sàlàkọ́ rí èyí, ọkàn rẹ̀ gòkè. Ó ti ń gbọ́ fèrè mọ́tò rẹ̀.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó dìde.

"Àjẹ́lẹ̀ ọlọ́lá jù lọ, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá! Kí ni omi? Omi ni ẹni tí kò ní ọ̀gá! Omi pa aláwọ̀ dúdú, omi pa aláwọ̀ funfun! Ṣùgbọ́n ní Ọ̀jọ́, omi ti rí ọ̀gá rẹ̀! Mo ní kó wọlé, ó wọlé. Mo ní kó jáde, ó jáde. Yésúfù! Sọ fún wọn kí wọ́n fún pọ́ǹpù ní gbogbo agbára rẹ̀, kí Àjẹ́lẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀!"

Yésúfù ka oyè márààrún lójú fèrèsé, ó sọ àṣẹ. Ọlálékan sáré dé etí omi, ó ka oyè márààrún, ó sọ àṣẹ. Gbàdàmọ́sí bi í pé, "Ṣé ó dá a lójú?" Ọlálékan ní òun kò lè bi í, oyè á ti pọ̀ jù. Gbàdàmọ́sí bá fa irin.

Ilẹ̀ mì. Ẹyẹ fò kúrò lórí igi. Nínú gbọ̀ngàn, ẹnu rọ́bà gbéra nínú àpótí bí ejò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo bí àgbàdo nínú ìkòkò. Páìpù funfun ń gbé èyí tó lè gbé. Kò ṣọ̀lẹ, ẹ má purọ́ mọ́ ọn. Ó ń gbé bí àtàǹpàkò ṣe ń gbé, èyí tó ń wọlé sì dà bíi pé ọ̀sà fẹ́ wá kí wọn. Omi gòkè. Ó dé etí gíláàsì, ó wú sókè díẹ̀, bí omijé tó fẹ́ já.

Gbogbo ènìyàn rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í já ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu. Yésúfù bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè wéréwéré kí òun lè débi tí òun á ti sọ pé omi ti ń dà.

"...nítorí náà," ni Sàlàkọ́ ń wí, "ẹni tó lè pàṣẹ fún omi, ilẹ̀ wo ni kò lè ṣàkóso? Ìba? Òkokomaikò? Àgbádárìgì pàápàá..."

Omi já. Ó dà sílẹ̀ láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dà lé bàtà Àjẹ́lẹ̀, ó wọ abẹ́ àga àwọn àgbà. Sàlàkọ́ kọ́kọ́ rò pé òógùn ayọ̀ ló ń ṣàn lẹ́sẹ̀ òun. Nígbà tí àrọ̀ kan fò sọ́dọ̀ rẹ̀, tó gbá a létí, ló tó mọ̀.

"Ẹ pa á!" ó kígbe. "Ẹ pa ẹ́ńjìnnì!"

Yésúfù sáré dé ojú fèrèsé. "Ọlálékan! Ọ̀gá Wolé-wolé Àgbà, Ọ̀tá Tanwíjí, Ààbò Àmù Gbogbo..."

"Fi oyè sílẹ̀!"

Yésúfù yíjú padà, ó ń ro ó. Àṣẹ tó kọjá ni kí wọ́n máa ka oyè. Àṣẹ yìí ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè kò sí níwájú àṣẹ yìí, ṣé a lè pè é ní àṣẹ? Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kó má baà jẹ́ òun ló bà á jẹ́.

Ọlálékan gbọ́ tirẹ̀ tán, ó fi ẹsẹ̀ sí i, ó dé etí omi. Ẹ́ńjìnnì ń ké, Gbàdàmọ́sí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọ̀gá Wolé-wolé Àgbà!" ni Ọlálékan lọgun.

"Kí lo wí?"

"Mo ní Ọ̀gá Wolé-wolé Àgbà! Ọ̀tá Tanwíjí!"

"Ta ló wà ní títì?"

Ọlálékan rántí ilé ìdáná, ó rántí ìkúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ lórí iyanrìn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní gbọ̀ngàn, omi ti dé kókósẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà ti ká aṣọ sókè, àwọn mìíràn ti ń fi gèlè wọn kó ẹja. "Ẹ ṣeun o, Baba Omi!" ni ọ̀kan wí. "Ẹ dúró, èyí tó sanra ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín!" Àjẹ́lẹ̀ gun orí àga, ó gbé epìyà tó ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́ àyà, ó ranjú kalẹ̀. Ilẹ̀kùn tì. Kò sẹ́ni tó ṣí i, nítorí ọ̀gá kò tíì parí ọ̀rọ̀.

Àfi Owólabí. Owólabí dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbàgà, ó jáde. Omi tẹ̀lé e, ènìyàn tẹ̀lé omi, Àjẹ́lẹ̀ sì tẹ̀lé ènìyàn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń sọ káàkiri pé ọlọ́gbọ́n ni Owólabí, pé nínú gbogbo gbọ̀ngàn òun nìkan ló ronú. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n láti àárọ̀.

Gbàdàmọ́sí pa ẹ́ńjìnnì nígbẹ̀yìn, kó lè gbọ́ ohun tí Ọlálékan ń wí. Gbogbo ayé dákẹ́ rọ́rọ́. Sàlàkọ́ mí kanlẹ̀, ó fọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ní kó dúró, ó dúró." Ṣùgbọ́n ẹnu rọ́bà ṣì rì dé ìsàlẹ̀ àpótí, àpótí ga ju ọ̀sà lọ, pọ́ǹpù kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ tí yóò dá omi dúró. Omi bá gba ojú ọ̀nà tó gbà wá, ó ń padà sílé rẹ̀. Àpótí ń fà, ó ń fà, títí ẹja tó ṣẹ́kù fi sùn sórí gíláàsì gbígbẹ, tí wọ́n ń la ẹnu. Àjẹ́lẹ̀ yọjú lójú fèrèsé láti ìta. Ó rí omi nílẹ̀ gbọ̀ngàn níbi tí kò yẹ kí omi wà. Ó wo inú àpótí níbi tó yẹ kí omi wà. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè rẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Sàlàkọ́ bi Yésúfù.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Yésúfù jíṣẹ́ fún ọ̀gá láìka oyè. "Ó ní ta ni ọkùnrin tó ṣí ilẹ̀kùn."

Owólabí gba ipò. Sàlàkọ́ jókòó sílé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí Gbàdàmọ́sí, ó kọjá sí ẹni tó ta pọ́ǹpù, ó dé orí àwọn ẹja fún àìfarabalẹ̀ wọn, nígbà tó yá ó ní ọ̀sà gan-an ló ń ṣe ìlara òun.

"Ẹ jẹun, Bàbá Bọ́sẹ̀," ni Àdùkẹ́ wí.

"Ẹja wo nìyí?"

"Ẹ má béèrè. Ẹni tó máa gba yàrá ti kó ẹní rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń dúró kẹ́ ẹ jẹun tán."

Yàrá kan ṣoṣo ni Àdùkẹ́ rí ní Òkokomaikò, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Mosúnmọ́lá. Wọ́n ru ẹrù lọ síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Sàlàkọ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé gbáà, bó ṣe máa ń wọ gbogbo ilé, ó bá ìyá náà lórí ẹní.

Mosúnmọ́lá kò dìde. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba yàrá?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

"Wolé-wolé ni mí."

"Ó hàn. Mo ti ń ti ilẹ̀kùn yìí láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ báyẹn, àwọn ọmọ mi pàápàá kì í wọ̀ ọ́ báyẹn. Ẹ jáde, ẹ kàn án kí n gbọ́. Bí mo bá fẹ́, màá dáhùn."

Sàlàkọ́ wo Àdùkẹ́. Àdùkẹ́ wà ní ìta pẹ̀lú ìdì aṣọ àti agolo epo lórí. Ó wo ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀jọ́. Yàrá kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó jáde. Ó fa ilẹ̀kùn dé lójú ara rẹ̀. Ó ká ìka, ó kàn án.

Ìyá àgbà ń ká aṣọ rẹ̀ nínú ilé, wọ́n ń gbọ́ ọ. Kò dáhùn.

"Ẹ tún un kàn, Bàbá Bọ́sẹ̀," ni Àdùkẹ́ wí. "Ẹrù ń wọ̀ mí lọ́rùn."